Ìbọn Tó Há Lọ́jọ́ Ìdánwò

Ojú ọ̀sán ni mo máa ń sùn nígbà náà, torí iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe ní ọsibítù. Mo ti fi kọ́tìnì dúdú bo fèrèsé yàrá mi dáadáa, débi pé ẹni tó bá wọlé lójijì á rò pé ilẹ̀ ti ṣú. Àdúgbò wa ní Lithonia, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, kì í sì pariwo lásìkò bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ti wa mọ́tò wọn gba ọ̀nà márosẹ̀ I-20 lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wà níléèwé, ajá kan ló kù tó ń gbó àwọn tó ń já ẹrù sẹ́nu ọ̀nà onílé. Ìró gíláàsì ló jí mi lọ́jọ́ náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọbìnrin mi ló fọ́ abọ́ ní ilé ìdáná, mo tilẹ̀ ti la ẹnu láti bá a wí, kí n tó rántí pé ó ti lọ sí yunifásítì láti àárọ̀. Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin nísàlẹ̀. Ẹni náà kò kánjú rárá. Mọ́tò mi wà nínú gáráàjì, kò sì rí ohun tó lè sọ fún un pé èèyàn ń bẹ lókè.

Mo wọ inú yàrá kékeré tí a ń kó aṣọ sí, mo jókòó sáàárín agbádá ọkọ mi olóògbé tí n kò tíì lè kó fún ẹnikẹ́ni, mo sì fi ohùn tí èmi alára kò gbọ́ tán pe ọlọ́pàá lórí fóònù. Obìnrin tó dá mi lóhùn ní kí n má gbé fóònù sílẹ̀, pé wọ́n ti ń bọ̀. Wọ́n wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n olè ti gbé tẹlifíṣọ̀n àti aago ọwọ́ ọkọ mi, ó ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó fọ́ jáde lọ. Àwọn èèyàn rò pé ẹ̀rù ló kù sí mi lára lẹ́yìn ọjọ́ náà. Ẹ̀rù wà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú ló pọ̀ jù. Èmi tí àwọn dókítà ọ̀dọ́ máa ń yà fún lọ́nà ní wọ́ọ̀dù, èmi tí mo lè fi ojú lásán pa ọkùnrin tó ń pariwo lẹ́nu mọ́, èmi ni mo lóṣòó sáàárín aṣọ nínú ilé tí èmi àti ọkọ mi jọ rà, tí mo ki ìkúùkù bọ ẹnu kí igbe má baà jáde. Inú bí mi sí olè náà. Inú bí mi sí ara mi pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó yẹ kí n ṣe gan-an ni mo ṣe.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ń gbé ní Lawrenceville pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Apòògùn ni. Èèyàn rere ni, kí n sọ òtítọ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló ṣe gbogbo ètò ìsìnkú, òun ló sì gbá mi mú lẹ́bàá sàréè. Ìṣòro rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bí ó bá ti bá èèyàn ro nǹkan tán nínú ọkàn ara rẹ̀, ó gbà pé onítọ̀hún ti fọwọ́ sí i. Ó dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú ìyá wọn, ìyá ọkọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Màámi, tó wá láti Nàìjíríà lọ́dún náà, tó sì ń pín àkókò rẹ̀ sí ilé àwa méjèèjì. Bọ̀ọ̀dá yí ilé po, ó fọwọ́ kan férémù ilẹ̀kùn tó fọ́, ó mi orí, ó sì wá jókòó sórí àga tí ọkọ mi máa ń jókòó sí.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “you can't be living here alone. Olè tó wá lẹ́ẹ̀kan máa padà wá. Basement wa, yàrá abẹ́ ilé yẹn, ti ṣetán, it has its own bathroom and everything. Ta ilé yìí, kí ìwọ àti ọmọ kó wá sí Lawrenceville. Family ni wá.”

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun, sir,” mo dáhùn. “Ilé mi rèé. Mo máa ra ìbọn.”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀ pé mo ti rò ó. N kò fọwọ́ kan ìbọn rí láyé mi. Èyí tí mo mọ̀ kò ju ṣakabùlà bàbá àgbà mi tó wà lára ògiri lọ, tí wọ́n máa ń lé wa sẹ́yìn bí a bá ti sún mọ́ ọn. Ọmọ mi, tó ti dé láti yunifásítì, ń wò mí bí ẹni pé mo ní mo fẹ́ máa fò. Màámi ń fi ọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

Mo rò pé Bọ̀ọ̀dá máa ta ko ìbọn. Irú èyí tí mo fẹ́ ló ta kò. Bàbá wọn ṣọdẹ nígbà ayé rẹ̀, nítorí náà Bọ̀ọ̀dá gbà pé ìmọ̀ ìbọn wà nínú ẹ̀jẹ̀ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹran kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ń dọdẹ rẹ̀ ni ẹran ewúrẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilẹ̀ wa. Ó ní ìbọn gígùn kan nílé, irú tí mò ń pè ní afọwọ́fà. Bí o bá ti yìn ín, ìwọ fúnra rẹ ni wàá fi ọwọ́ fa igi abẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn, tí wàá tún tì í síwájú, kí èèpo ọta tó ti dún lè jáde, kí òmíràn sì wọlé. Aládàáṣiṣẹ́ ni èmi fẹ́, èyí tó máa ń fi agbára ọta tó dún ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn fúnra rẹ̀, tí tìrẹ kò ju kí o tún fi ìka fà á lọ.

Èjìká mi ọ̀tún ló fa ìpinnu náà. Láti ọdún pípẹ́ tí mo ti ń yí aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì ni iṣan kan ti ya níbẹ̀. Kí n gbé apá sókè kí n di irun, ó ti di ọ̀ràn. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọn, mo gbìyànjú afọwọ́fà, mo fà á dé ìdajì, ìrora sì dá mi dúró. Mo gbé aládàáṣiṣẹ́, ó rọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì sọ fún mi pé kì í gbá èèyàn léjìká tó èkejì. Kí ni mo tún ń wá? Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá lórí fóònù, ó kígbe bí ẹni tí mo sọ fún pé mo fẹ́ fi ẹnu pa ejò.

“Semi-auto? Ó máa há. That thing will jam on you the one day you need it. Pump kì í dójú ti èèyàn. Bí olè bá kàn gbọ́ bó ṣe ń dún báyìí, ṣá-ṣà, ó máa sá.”

“Bọ̀ọ̀dá, tó bá jẹ́ ariwo ni mo fẹ́ fi lé e, ṣé mi ò kàn ní ra agogo ṣọ́ọ̀ṣì?”

Kò rẹ́rìn-ín. N kò sì ní sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní òtítọ́ nínú. Mo ti kà nípa rẹ̀, mo sì ti wo fídíò àwọn ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí bí ẹni ń jà nítorí bọ́ọ̀lù. Aládàáṣiṣẹ́ mìíràn wà tí ọta tí agbára rẹ̀ kéré kò lè ṣí, òmíràn kò sì fẹ́ ìdọ̀tí rárá. Ṣùgbọ́n afọwọ́fà náà máa ń kọ iṣẹ́ bí ọwọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù kò bá fà á dé òpin. Ohun tó yé mi nínú gbogbo ariwo wọn ni pé kò sí ìbọn tí kì í há, àfi èyí tí ẹni tó ni ín kò tíì dán wò. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Mo sọ fún Bọ̀ọ̀dá pé mo máa dán tèmi wò dáadáa kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

“Ó dáa,” ó ní. “Jẹ́ ká jọ lọ sí range ní Saturday kan. Tó bá yin gbogbo ọta inú ẹ̀ láìhá, mi ò ní dárúkọ Lawrenceville mọ́. Tó bá há, ẹ máa kó wá. Deal?”

“Deal,” ni mo wí.

Títí di òní, bí mo bá rántí bí mo ṣe yára sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, mo máa ń fi obìnrin tí mo jẹ́ nígbà náà rẹ́rìn-ín. Ilé tí mò ń fi oorun òru mi san gbèsè rẹ̀, mo gbà kí irin kan ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tì mí. Mo rò pé bí mo bá borí nínú eré wọn, lábẹ́ òfin tí wọ́n fúnra wọn ṣe, wọn á fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Mo tilẹ̀ ra bàtà aláwọ tuntun fún ọjọ́ náà, bí ẹni pé bàtà ni wọ́n fẹ́ yìn.

Nínú ìjọ wa, kò sí ohun tuntun tí a kì í gbàdúrà sí. Bí ẹnì kan bá ra mọ́tò, pásítọ̀ á bá a jáde lẹ́yìn ìsìn, á fi òróró kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo wa á na ọwọ́ sí i. Ilé tuntun, a fi òróró kan àtẹ́rígbà. Ọmọ tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò awakọ̀, òróró níwájú orí. Mo ti rí nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kan tó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá síwájú pẹpẹ kó tó jókòó ìdánwò. Ìbọn nìkan ni n kò rí rí, n kò sì ní ìgboyà láti gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, nígbà tí Màámi wá lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọ̀ mi, tó sì ní kí n gbé e wá kí òun gbàdúrà sí i, inú mi dùn gan-an.

Mo yọ ọ́ nínú àpótí irin tí mo ń tì í mọ́, mo yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, mo tẹ́ táwẹ̀lì sórí tábìlì ìjẹun, mo sì gbé e lé e. Màámi mú ìgò òróró ólífì rẹ̀ jáde nínú báàgì, èyí tí wọ́n ti gbàdúrà sí láti Nàìjíríà, tí kì í jẹ́ kó jìnnà sí òun. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó ń bẹ Ọlọ́run opó àti aláìníbaba. Bí ó ṣe ń wọ inú rẹ̀ lọ ni wọ́n pè mí láti ibi iṣẹ́, mo sì bọ́ sí yàrá kejì láti dá wọn lóhùn. Nígbà tí mo padà dé, Màámi ti ń ṣe àmín, ó ń fi etí ìró rẹ̀ nu ara ìbọn náà, inú rẹ̀ sì dùn kọjá sísọ. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dá ìbọn padà sínú àpótí rẹ̀, nínú yàrá tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà, mo tì í, n kò sì ṣí i mọ́ títí di ọjọ́ ìdánwò.

Pápá ìyìnbọn náà wà lọ́nà Covington. Bọ̀ọ̀dá wá, ọmọ mi wá, Màámi náà ní òun kò ní jókòó sílé. Wọ́n fún un ní ìbòtí, ìbòtí kò gba orí gèlè, ó sì ní òun kò ní tú gèlè òun nítorí ìbọn. Ọmọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ di etí méjèèjì fún un. Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ yìn. Àkọ́kọ́ dún dáadáa. Ó fà á, ó tì í, ó tún fi ìka fà á, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, torí kò fa igi abẹ́ rẹ̀ dé òpin. “Ọwọ́ mi ló yọ̀,” ó ní, ó rẹ́rìn-ín, ó fà á dáadáa, ìbọn sì dún. Gbogbo wa bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó kàn mí.

Tèmi dún lẹ́ẹ̀kan, ayé mì, èjìká mi kò sì dùn mí. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo tún fà á. Ó dákẹ́. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo rí i pé èèpo ọta tó ti dún yọ ìdajì, ó há sẹ́nu ọ̀nà. Mo yọ ọ́, mo tún gbìyànjú, ọ̀kan dún, ó tún há. Bọ̀ọ̀dá fún mi ní ọta mìíràn tí agbára rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó há pẹ̀lú ìyẹn náà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀, Màámi ń wo ọ̀run, ètè rẹ̀ ń mì. Bọ̀ọ̀dá kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, “Ìyàwó wa, no vex. Mo sọ fún ẹ.” Ká ní ó fi mí ṣẹ̀sín ni, kì bá dùn mí tó pẹ̀lẹ́ tó ń kí mi yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kó mi lọ sí Lawrenceville lẹ́nu. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ń fi fọ́tò basement ránṣẹ́ sí mi, ó ń bi mí pé àwọ̀ wo ni kí wọ́n fi kun ògiri. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tí n kò bá sọ nǹkan kan ń bi mí pé ìgbà wo ni mò ń kó. Èmi náà ti fẹ́ gbà. Ọ̀rọ̀ mi ni mo ti sọ, deal ni mo wí, wọn kò sì kọ́ mi láti máa kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ohun inú ilé pé èyí á gba inú basement, èyí kò ní gbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wà lójú oorun nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan tó ń bá àwọn èèyàn ta ilé ló dúró síta, ó wọ kóòtù dáadáa, ó ní Bọ̀ọ̀dá ló ní kí òun wá wo ilé, kí òun wọn ilé ìdáná. Kó tó parí ọ̀rọ̀, ó ti na ọrùn wo ẹ̀yìn mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní ilé kò sí lọ́jà, mo ti ilẹ̀kùn. Mo wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Olè fọ́ gíláàsì kó tó wọlé, èyí kan ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló rò pé ilé náà kò ní ẹni. N kò lè padà sùn mọ́.

Mo lọ gbé ìbọn náà. Ní wọ́ọ̀dù wa, bí a bá ti gba iṣẹ́, kí á tó kí aláìsàn kankan, ẹ̀rọ tó ń fa itọ́ lọ́fun èèyàn la kọ́kọ́ máa ń dán wò. Bí kò bá fà, a kì í fi orí rẹ̀ gba ìpín pé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá a. A máa ń tú u wò, kí a mọ ibi tó ti dí. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun tí mo máa ń ṣe fún ẹ̀rọ ọsibítù lójoojúmọ́, n kò ṣe é fún tèmi. Mo yẹ̀ ẹ́ wò pé kò sí ọta nínú rẹ̀, mo gbé ìwé tí wọ́n fi tà á síwájú, mo tú u ní ẹyọ-ẹyọ sórí tábìlì ìjẹun. Nígbà tí mo fà á yọ dé ibi irin tó yẹ kó máa yọ̀ lọ síwájú àti sẹ́yìn, ọwọ́ mi lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan kan tó pọ́n díẹ̀, tó ti ki bí oje igi, ló bo gbogbo inú rẹ̀. Mo gbé e sí imú. Ta ló máa sọ fún mi? Òórùn òróró tí wọ́n ti fi kan iwájú orí mi láti ìgbà tí mo ti dáyé ni. Ooru ẹ̀rọ inú yàrá yẹn ti sè é di gọ́ọ̀mù.

“Màámi,” mo pè é ní pálọ̀, torí ọ̀dọ̀ mi ló tún wà lọ́sẹ̀ náà, “ṣé òróró yín wọ inú ìbọn yìí ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Màámi dáhùn láti orí àga, inú rẹ̀ dùn pé mo béèrè. “Mo rí ojú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo dà á síbẹ̀ dáadáa. Ṣé ara ẹ̀ lásán ni mo fẹ́ fi kàn? Mo ní kí àdúrà wọ inú ẹ̀, kó má baà dójú tì ẹ́.”

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé. Òwe ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́, ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò bá a mu. Ìfẹ́ ló wà lọ́wọ́ Màámi, ìfẹ́ náà ló kàn pọ̀ jù. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. “Èmi ni mo dì í lọ́fun,” ó ní. “Pe ọmọ mi. Èmi ni kí n sọ fún un.”

Bọ̀ọ̀dá wá lọ́jọ́ ìsinmi lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Màámi sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́. Ó rẹ́rìn-ín gidigidi, ó ń lu itan, èmi náà sì ń bá a rẹ́rìn-ín, mo ń dúró kó sọ pé ó dáa, ẹ jẹ́ ká tún lọ dán an wò. Ó nu ojú rẹ̀ tán.

“Okay, so it was the oil,” ó ní. “Ṣùgbọ́n, ìyàwó wa, that's not even the point. Bó há, bí kò há, obìnrin ò lè máa dá gbé nínú ilé ńlá báyìí. Realtor yẹn ní spring ni ọjà ilé máa ń yá. Don't pursue her again.”

Bó há, bí kò há. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ìdánwò tí mo ń fi oorun mi rò kò fìgbà kan jẹ́ ìdánwò. Bí ìbọn mi bá dún láti àárọ̀ dalẹ́ lọ́jọ́ náà, wọn á ti rí nǹkan mìíràn tó há. Mo rántí ìbọn tirẹ̀ tó kọ iṣẹ́ lójú gbogbo wa, tí a fi rẹ́rìn-ín. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, torí ọkọ mi ni, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé àfojúdi ni mo ṣe. Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo ti kọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi, sir. Ìbọn tiyín náà ò dún lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ní ọwọ́ yín ló yọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ lọ ta ilé yín. Mo ní deal, mo sì ti yọ ẹnu mi kúrò níbẹ̀. Mi ò ta ilé mi. I'm not moving, not this spring, not any spring. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni wá wọn kitchen mi mọ́.”

“You are shouting at me?”

“Mi ò pariwo, sir. Mo ń sọ ọ́ kó lè yé yín ni.”

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. “Màámi, ṣé ẹ gbọ́?”

“Mo gbọ́,” ni Màámi wí. “Ìwọ ni kò tíì gbọ́.”

Kò jẹ ìrẹsì tí mo sè. Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ oṣù sì kọjá kó tó tún pè mí. N kò ní díbọ́n pé kò dùn mí. Kérésìmesì ọdún yẹn, ọmọ mi nìkan ni wọ́n pè, kò sì lọ. Àwọn kan nínú ẹbí, ní ibí àti ní ilé, ní Amẹ́ríkà ti gun orí mi, pé opó tó gbọ́n kì í bá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo sì ń lọ síbi iṣẹ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ kí n sunkún ní basement kó fi ara balẹ̀.

Mo fọ ìbọn náà mọ́ tónítóní, mo fi òróró tí wọ́n ṣe fún irin kàn án díẹ̀, èmi àti ọmọ mi nìkan sì padà lọ sí pápá ọ̀nà Covington. Ó dún, ó ju èèpo nù, ó dún, ó tún ju èèpo nù. Mo yí irú ọta padà, mo tún yìn ín. Mo dúró dáadáa, mo dúró gbàgẹ̀rẹ̀, mo yìn ín nígbà tí apá ti ń rò mí, torí olè kì í dúró de èèyàn kó dúró dáadáa. Kò há. Ọmọ mi ti gba gbogbo rẹ̀ sínú fóònù.

“Mummy, send it to Uncle now,” ó ní. “Kí wọ́n rí i.”

“Kí ni wọ́n fẹ́ rí?”

“That you were right.”

“Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa gbé máàkì fún mi mọ́,” mo sọ fún un. “Pa á rẹ́.” Ó pa á rẹ́.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, ó ti gba ilé tirẹ̀ láàárín ìlú Atlanta. Màámi ti padà sí Nàìjíríà, orí fóònù ló ti ń gbàdúrà fún wa báyìí. Bọ̀ọ̀dá náà ti ń wá, ó ń jẹ ìrẹsì mi, ó sì ń béèrè èyí tó máa gbé lọ. Kò sọ pé kí n máà bínú, èmi náà kò béèrè. Láti ọjọ́ náà, n kò kọ ojú ìbọn sí ènìyàn kankan, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má gbé ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó pẹ́ kí n tó gbé e lọ dán an wò, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń dán ohun gbogbo tí ẹ̀mí lè rọ̀ mọ́ wò.

Àwọn obìnrin ìjọ wa máa ń wá bá mi lọ́kọ̀ọ̀kan, pàápàá àwọn tí ọkọ wọn kò sí mọ́ tàbí tí ọkọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Wọ́n á bi mí pé irú ìbọn wo ló dára jù, aládàáṣiṣẹ́ ni tàbí afọwọ́fà. Mo máa ń sọ fún wọn pé èyí tó bá bá ara wọn mu ni, tí àwọn fúnra wọn ti yìn títí wọ́n fi mọ ìwà rẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹlòmíràn gbà fún wọn. Àwọn mìíràn kì í ra nǹkan kan lẹ́yìn náà, ìyẹn náà dára. Èyí tó kéré lọ́jọ́ orí jù nínú wọn jókòó sí pálọ̀ mi láìpẹ́ yìí, ó wo yíká ilé, ó sì bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé ẹ̀rù kì í tún bà mí ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, èmi nìkan. Mo ní ó ń bà mí. Mo ní ṣùgbọ́n inú ilé mi ló ti ń bà mí.